Kọ̀ǹpútà Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ọ̀rọ̀ géèmù sì ni pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ géèmù yìí, àwọn àgbà kan yóò ti fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i. Owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ yín sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sí Ẹ̀jìgbò láìpẹ́ yìí, mo yà kí obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́jà. Ó ti pẹ́ tí a ti mọra. Bí mo ti jókòó ni mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra kọ̀ǹpútà kan. Iye tó bá wù ú ni kó san. Mi ò fẹ́ rí i nílé mi mọ́."

Mo ní, "Kí ló dé? Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu oníṣu."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí jẹ ju ewúrẹ́ lọ." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí rò fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀jìgbò, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá ni ìlú náà àti Àbíjàn. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, bí ẹ bá sì dúró lọ́jà díẹ̀, ẹ óò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé. Ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí tó wà ní Àbíjàn ló fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tòkunbọ̀, ránṣẹ́ sí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, tó ti ka ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, ló gbé e bọ̀. Ìyá fi ń kọ orúkọ àwọn tó ra aṣọ àwìn, ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi ń ta géèmù bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín, ó sì ń kọ̀wé sójú pé ìtọ́jú òun ti dópin. Wọ́n gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Onítọ̀hún gba owó, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láìbéèrè, ó sì fi Windows tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i. Bí ìwé gbèsè ìyá aláṣọ ṣe parẹ́ nìyẹn. Kò tán síbẹ̀. Ọmọ tún lọ wá géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n jí gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kòkòrò kọ̀ǹpútà bá a wọlé, ẹ̀rọ náà sì kú pátápátá.

Nígbà tí obìnrin yìí lọ béèrè owó rẹ̀, ẹni tó gba léèsì márùn-ún ní mẹ́ta lòun gbà. Ẹlòmíràn ní òun ti san. Kò sí ìwé tí yóò fi jà. Ọmọ ní tirẹ̀, nígbà tí kò rí géèmù ta nílé mọ́, ó ń yọ́ lọ sí ilé géèmù, ó ń ná owó oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti pa ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ìyá fi ń sunkún nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tísà ní agbègbè náà, nítorí ó gbọ́ ti ẹ̀rọ jù mí lọ. Ó wo kọ̀ǹpútà náà yíká, ó ní, "Ìyá, ẹ má tà á. Ara rẹ̀ le. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ni kò dára."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwa tí a kì í ṣe ọmọ ọjọ́ òní. Irin àti ike lásán ni kọ̀ǹpútà, bí ilẹ̀ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná. Ètò kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tí yóò ṣe bí ìyálọ́jà: òun ni yóò pín ìsọ̀ fún oníkálùkù, tí yóò sọ pé ibí ni kí lẹ́tà jókòó, ọ̀hún ni kí orin dúró, tí yóò sì mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ló sì ni í. Wọ́n dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Bí olè bá dá ihò tuntun sí ògiri rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí yóò wá dí i. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba ẹ̀rọ àgbà: bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti Intel, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìran kẹjọ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Tòkunbọ̀ ìyá aláṣọ kò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ètò mìíràn wà tó dà bí ayò ọlọ́pọ́n. Ta ló ni ayò? Kò sí ẹni tó ni í. Gbogbo ènìyàn ló mọ òfin rẹ̀, ẹni tó bá wù lè gbẹ́ ọpọ́n tirẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta lè kọ́ ọmọ aládùúgbò, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní ìlú Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣírò ẹ̀yà ayò kan tán, wọ́n sì rí i pé bí ọ̀ta méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe, ọ̀mì ni yóò já sí. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é. Irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni Linux. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wà ní gbangba fún gbogbo ayé láti kà, láti tún ṣe, àti láti dà kọ fún ẹlòmíràn. Ó yàtọ̀ sí àgbo inú ìgò tí onísègùn kò jẹ́ kí a mọ ewé tó fi sè é.

Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní yunifásítì Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́pọlọ ti ń fi kún un. Ẹ má sì rò pé àjèjì ni ní Ọ̀ṣun. Ẹ rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, wàláà tí ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola gbé jáde ní ọdún 2013 fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama, tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Android ló ń darí rẹ̀, orí Linux ni wọ́n sì kọ́ Android lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù Android tó wà lápò yín. Ọ̀rẹ́ wa ni Linux tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ni a kò mọ̀.

Ìyá aláṣọ ní, "Ó dáa. Ẹ fi í sí i nígbà náà." Tísà ní, "Ìyá, ẹ ní sùúrù. Oríṣi rẹ̀ pọ̀ bí oríṣi àǹkárá. Ẹ kì í gé aṣọ kí ẹ tó wọn ara." Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé yìí, nítorí àwọn ọmọ wa a máa gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu ọ̀rẹ́, wọn a sì gbé e wọlé láìmọ ìwọ̀n ẹ̀rọ wọn. Ẹ gbọ́ àwọn tó tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Èkínní ni Linux Mint. Òun ni n ó kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ará ilé tí kò ṣe kọ̀ǹpútà rí ju pé kó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìrísí rẹ̀ jọ Windows àtijọ́: bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, fáìlì wà níbi tí ojú ti mọ̀ ọ́n. Ilé ìkóǹkansí kan wà nínú rẹ̀ tí a ti ń mú géèmù àti ètò iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, láìrìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Mint 22 tó jáde ní ọdún 2024 yóò máa gba ìtọ́jú títí di ọdún 2029. Ẹ̀rọ tí agbára ìrántí rẹ̀ jẹ́ 4GB, kí ó mú èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce, nítorí ó fúyẹ́. Èyí tó bá ní 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé Cinnamon, tó lẹ́wà jù.

Èkejì ni Zorin OS, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ireland. Òun náà jọ Windows, ó sì dára fún ẹni tí ìyípadà ń bà lẹ́rù.

Ẹ̀kẹta ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà. Ohun tó ń sọ kò jìnnà sí ohun tí àwa náà ń wí, pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Mint àti Zorin lé. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wúwo díẹ̀ fún ẹ̀rọ àgbà.

Pop!_OS àti Bazzite wà pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tó ń ta géèmù ńláńlá fẹ́ràn méjèèjì, pàápàá àwọn tí ẹ̀rọ wọn ní káàdì àwòrán NVIDIA, nítorí wọ́n ti pèsè ohun tí káàdì náà nílò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bazzite fẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára, détà tó ń jẹ kò sì kéré. SteamOS ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Valve ló ṣe é, òun ló sì ń darí ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tiwọn, Steam Deck, tó jáde ní ọdún 2022. Kì í ṣe fún tòkunbọ̀ ìyá aláṣọ.

Mint Xfce la mú. Wàyí o, géèmù ńkọ́?

Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ tísà nìyí, ó sì béèrè pẹ̀lú ìtìjú: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé bọ́ọ̀lù máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀?" Tísà kò parọ́ fún un, èmi náà kò sì ní parọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ géèmù tó wà lóde, èdè Windows ni wọ́n ń sọ. Kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lórí Linux, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ẹ̀jìgbò kan ṣe ń dúró láàárín oníbàárà tó ti Àbíjàn dé àti ìyá tí kò gbọ́ Faransé. Ògbufọ̀ àgbà ibẹ̀ ń jẹ́ Wine. Valve mú un, wọ́n fi kún un, wọ́n sọ ọ́ ní Proton ní ọdún 2018, ó sì wà nínú ilé ìtajà géèmù wọn tó ń jẹ́ Steam. Nípa rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù Windows ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux lónìí.

Ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, tó ń ṣọ́ àwọn oníyànjẹ, ẹ̀ṣọ́ náà kì í sì í jẹ́ kí ògbufọ̀ wọlé. Fortnite kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Valorant kò ṣiṣẹ́, géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC tí àwọn ọmọ wa ń du náà kò sì ṣiṣẹ́. Bí ọmọ yín bá ní òun kò lè ṣe láìsí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má tàn án jẹ. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ kí ẹ tó pa Windows rẹ́.

Àwọn tó ṣiṣẹ́ láìsí ògbufọ̀ ńkọ́? SuperTuxKart wà, eré ìje ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn méjì sì lè ta á lójú kọ̀ǹpútà kan. 0 A.D. wà, níbi tí ọmọ yóò ti kọ́ ìlú, tí yóò dáko, tí yóò kó ọmọ ogun jọ. Ìjọba Kush ìgbàanì, ti ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, wà lára àwọn tó lè yàn. Luanti wà, fún ọmọ tó fẹ́ràn láti máa to búlọ́ọ̀kù bí bíríkìlà. Ẹ̀rọ àgbà yóò gbé Luanti, ṣùgbọ́n 0 A.D. lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbogbo wọn ni a lè ta nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọdé.

Fún àwọn kéékèèké, GCompris wà. Ará Faransé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, orúkọ rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí Faransé bá wí pé, "Ó ti yé mi." Ìṣirò, lẹ́tà, máàpù àti ọ̀pọ̀ eré mìíràn wà nínú rẹ̀ fún ọmọ ọdún 2 sí 10. Àbúrò ọmọ yìí, ọmọ ọdún 6, jókòó tì í ní ọjọ́ kejì, kò fẹ́ dìde mọ́.

Ẹ̀yin tísà, ẹ̀bùn méjì wà níhìn-ín fún yín. Èkínní, bí ènìyàn méjì bá ń lo kọ̀ǹpútà kan, oníkálùkù lè ní yàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀: ti ìyá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti ọmọ tó ti Àbíjàn dé ní èdè Faransé. Èkejì, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀, tí a lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ tiwa láìjà. Ìbéèrè ìdánwò Yorùbá yín kò ní máa jáde láìní àmì mọ́.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣe é. A kọ́kọ́ wá fláàṣì 8GB. A gba Mint wọlé láti ojúlé àwọn tó ṣe é gan-an. Ó tó nǹkan bí 3GB, nítorí náà ẹ ṣètò détà yín dáadáa. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan lè fi fláàṣì kan náà ṣe ogún ẹ̀rọ ní ilé ìwé kan. Olè kọ́ o. Àwọn tó ṣe é gan-an ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Etcher la fi gbé e sórí fláàṣì. A kì fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, a tàn án, a sì ń tẹ F12. Ní ẹ̀rọ mìíràn, F9 tàbí Esc ni. Mint ṣí láti orí fláàṣì láìfọwọ́kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí, ẹ dákun. Ẹ má yára. Ẹ fi odidi ọ̀sán kan dán an wò láti orí fláàṣì. Ṣé ó rí Wi-Fi? Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé àwòrán ń rìn geere? Yóò fà díẹ̀, nítorí orí fláàṣì ló wà. Ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ da gbogbo ohun tí ẹ ní sórí fláàṣì mìíràn kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ pátápátá, nítorí ìbéèrè kan yóò jáde tó ń wí pé ṣé kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Kí bátìrì kún tàbí kí iná wà. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ẹ má rò pé mo ń polówó. Linux kò sọ àgbà di ọmọdé: ẹ̀rọ tí kò lágbára kò ní gbé géèmù tuntun, bátìrì tó ti kú kò ní jí. Microsoft Office kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣí ìwé Word àti Excel, nígbà mìíràn ìlà a máa yẹ̀ díẹ̀. Ètò ìdánrawò JAMB tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan lè má ṣiṣẹ́. Tísà tí kọ̀ǹpútà ilé ìwé rẹ̀ wà fún ìyẹn, kó dán an wò kó tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ tó bá sì tún lọ wá géèmù tí wọ́n jí gbé, Linux kò ní gbà á lọ́wọ́ ohun tó bá fà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyí. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ rọ, kò bá wa sọ̀rọ̀ títí tí a fi jẹun tán. Lálẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ ta SuperTuxKart. Ìyá wa ọkọ̀ wọ inú òkun lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá ti bá a dá májẹ̀mú: wákàtí kan lójúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, méjì ní Sátidé, ilé géèmù kò sí mọ́. Ọmọ náà ní tirẹ̀ yóò máa tẹ ìwé gbèsè ìyá rẹ̀ sínú LibreOffice ní alaalẹ́, yóò sì máa dà á kọ sórí fláàṣì ní gbogbo Sátidé.

Owó tó ti bọ́ kò padà tán. Ẹni tó gba léèsì márùn-ún san ti mẹ́ta, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá aláṣọ ti ra ìwé àjákọ ẹlẹ́yìn líle kan, ó ń kọ gbèsè sínú rẹ̀ kí ọmọ tó tẹ̀ ẹ́, oníbàárà sì ń fọwọ́ sí i. Mo ní ó ṣeun. Kì í ṣe orí ẹ̀ka kan ni ẹyẹ tó gbọ́n ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ta géèmù, ẹ má kọ́kọ́ nà án, ẹ má sì kọ́kọ́ fún un lówó. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó fi hàn yín. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìyá òun lè wa ọkọ̀ wọ òkun, kò ní ṣòro fún un láti jókòó nílé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.